Káàdì Tó Wà Nínú Bàtà Marukla

Ọjọ́ kọkànlá nìyí tí Marukla ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú bàtà awọ gígùn rẹ̀ ni káàdì náà wà, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn. Bó bá ń lọ pọn omi, ó ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń lọ tú ewúrẹ́ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ìjọ dìde dúró, òun náà dìde, ó sì gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kí Ọlọ́run foríjì í, ó dùn mọ́ ọn nínú.

Rigopula, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń tú ilé. Ó ti tú àpótí ìyá wọn dé ìsàlẹ̀. Ó ti sọ àwọn àwo ara ògiri kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹ̀yìn wọn. Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò ìyẹ̀fun títí dé ìgunpá. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó jáde síta pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá, ó wá dúró lé Marukla lórí níbi tó ti ń gbá eérú kúrò lẹ́nu ààrò búrẹ́dì.

"Marukla, níbo lo gbé káàdì mi sí?"

"Káàdì wo?"

"Káàdì wo! Káàdì tí mo fi gbé Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Gíríìn káàdì mi, tí àwòrán mi wà lára rẹ̀. Ṣé o ti wá gbàgbé ohun tó ń jẹ́ káàdì ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò mọ ìwé. Ewúrẹ́ ni mo mọ̀. Bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

"Orí rẹ ni ewúrẹ́ máa jẹ!"

"Ó ti jẹ ẹ́ tán tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò sí nílé."

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí èèyàn bá gba iwájú ilé wọn kọjá lásìkò yẹn, ó máa gbọ́. A sì ń gbà á kọjá dáadáa, kì í ṣe pé a ní nǹkan kan tí à ń wá lọ sápá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní abúlé orí òkè tó wà ní erékùṣù yìí, ọmọbìnrin àkọ́bí ló ni gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ní. Ilé ni o, oko ni o, igi ólífì ni o, àwo ara ògiri, ẹyọ wúrà tí wọ́n ń so mọ́ àyà nígbà ìgbéyàwó, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, afẹ́fẹ́ ni tiwọn. Wọn ò ní nǹkan tí ọkọ máa tìtorí rẹ̀ wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lọ́kọ. Oko ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń ro, ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń dà, títí wọ́n á fi kú. Àwọn ọmọ tó ń lọ ilé ìwé ní Rhodes, erékùṣù ńlá tó wà nítòsí wa, máa ń sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ẹ lọ bi Marukla bóyá ẹ̀rín ni.

Rigopula ni àkọ́bí, Marukla ló tẹ̀ lé e, ọdún márùn-ún ló wà láàárín wọn. Láti kékeré, bí wọ́n bá ti oko dé, Rigopula á jókòó, á na ẹsẹ̀, Marukla á kúnlẹ̀, á bọ́ bàtà rẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀ rí. Nígbà tí Rigopula lọ́kọ, tí ọkọ kó o lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó gbé orúkọ onílé lọ, ó fi ilé sílẹ̀. Marukla ló tọ́jú ìyá wọn títí ó fi kú. Òun ló ń kun ògiri ní ẹfun kí Àjíǹde tó dé, òun ló ń gun òrùlé lọ tún un ṣe bí ẹ̀fúùfù bá ṣí i. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá, ó ká ibùsùn rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó gòkè lọ sórí pẹpẹ igi níbi tí onílé ń sùn, ó sì sùn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, láìránṣẹ́ ṣáájú, Rigopula sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Diafani, èbúté wa, pẹ̀lú báàgì méjì. Ọkọ rẹ̀ ti kú sí Baltimore. Ó wọlé, ó gbé báàgì méjèèjì ka orí pẹpẹ láìkí ẹnikẹ́ni. Marukla ká ibùsùn rẹ̀, ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé ka iná kan ṣoṣo. Bí Rigopula bá ní búrẹ́dì le, Marukla á ní ti Amẹ́ríkà rọ̀, kó lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí Marukla rí oorun sùn ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa padà lọ. Rigopula ò gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà rí, káàdì ìgbélùú ló fi ń gbé ibẹ̀, ẹni tó bá sì ń lo káàdì yẹn kò gbọdọ̀ lò tó ọdún kan lóde Amẹ́ríkà. Marukla ń ka oṣù. Ó ku mẹ́rin.

Àfi bí Rigopula ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Àjíǹde, tó ní òun máa dá káàdì náà padà fún Amẹ́ríkà fúnra òun. Fọ́ọ̀mù wà fún un, ló wí. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fi káàdì sínú àpòòwé, ó parí. "Inú ilé ìyá mi ni màá kú sí," ó pariwo rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Gbogbo wa gbọ́. Ojú Marukla la wò, a rí i bó ṣe funfun.

Níbo ló fẹ́ lọ? Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta, kò lọ́kọ, kò bímọ, kò ní ilẹ̀ tó tó gbé àga kà. Bí Rigopula bá dúró títí láé, ìránṣẹ́ ni òun títí láé. Bó bá sì wu Rigopula lọ́la kó lé òun jáde, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé.

Lọ́jọ́ kejì, Evgenia pè láti Baltimore. Evgenia ni ọmọbìnrin àkọ́bí Rigopula, òun ni ilé máa kàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti bá Marukla sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, oyin ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Màámi fẹ́ fọwọ́ ara wọn ba nǹkan jẹ́. Ẹ bá mi gbé káàdì yẹn pamọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn fún oṣù keje. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ mi báyìí, ilé yẹn di tiyín, Àǹtí. Ẹ máa gbé e títí ẹ ó fi kú."

"Ṣé o lè búra?"

"Mo fi orúkọ ìyá àgbà búra. Ṣebí orúkọ wọn ni mò ń jẹ́?"

Marukla gbé fóònù kalẹ̀. Ó lọ sídìí agolo bísíkíìtì tí Rigopula ń kó ìwé sí, ó mú káàdì náà, ó wò ó. Obìnrin tó wà lára rẹ̀ kun ètè. Ó fi gìgísẹ̀ há ara òpó ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe lálaalẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀ tó ti bàjẹ́, ó jà títí bàtà fi bọ́, ó sì ti Amẹ́ríkà wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn la wà. Rigopula gbọn ìyẹ̀fun lápá.

"Ó dáa. Dìde, a ń lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé. Ó ní bí káàdì bá sọnù, ààyè wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n á ti kọ ọ́ pé ó sọnù. Ìwọ lo máa dúró níwájú àwòrán Màríà Mímọ́ tó wà nílé rẹ̀, kó o búra pé o ò rí i. Mo fẹ́ fi etí mi gbọ́ ọ."

"Mo ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ ilé mi lò ń ṣe. Mo fún ọ láàyè."

Marukla gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, òtítọ́ yẹn ló sì ń dùn ún. Ó tẹ̀ lé e. Rigopula wà níwájú nínú bàtà pẹlẹbẹ tó rà ní Baltimore, Marukla ń tẹ̀ tìrótìró bọ̀ lẹ́yìn lórí òkúta.

"Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Òkúta ló kó sínú bàtà mi."

"Kí ló dé tó ò yọ ọ́?"

"Ó ti mọ́ mi lára."

Nikitas ni orúkọ Akọ̀wé gan-an. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi kọ ìwé nínú ọkọ̀ òkun, òun ló sì ń bá gbogbo abúlé kọ ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò fẹ́ràn ìjà, kò sì níyàwó. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Nígbà tó rí àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ gbé ife kọfí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Ìyá Evgenia," ó wí bó ti ń tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, "ẹ ò ṣe kàn jókòó yín jẹ́ẹ́? Bí ọdún kan bá ti kọjá, káàdì yẹn á kú fúnra rẹ̀."

"Ohun tó bá kú fúnra rẹ̀ nínú ilé, rírùn ló máa ń rùn. Ẹ kọ ọ́, Akọ̀wé."

Ó kọ orúkọ. Ó ní wọ́n ń béèrè nọ́ńbà káàdì. Rigopula ki ọwọ́ bọ àyà, ó yọ àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, Rigopula kékeré, ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà ní Baltimore. Ó dojú àwòrán náà bolẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà náà sí. Akọ̀wé dà á kọ, Rigopula sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán náà, kò gbé e kúrò ńlẹ̀.

"Ibi tí ẹ máa gbé báyìí ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé àwa ò ní nọ́ńbà ilé. Ilé ta ni kí n kọ?"

"Ilé Rigopula."

Marukla rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Ilé ta? Ẹni tó ń pín lẹ́tà á gbé e yí abúlé ká ni, á wá lọ fi í sí itẹ́ òkú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti ń kọ Ilé Marukla sára gbogbo ìwé tó ń wọ ibẹ̀."

"Bí ajá bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ó di onílé ni?"

"Ìwọ!" ni Marukla wí. Akọ̀wé gbójú sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ rí. "Ìwọ Rigopula! Nígbà tí ìyá ń tọ̀ sára, níbo lo wà? Nígbà tó ń pe orúkọ rẹ, tí mo ní èmi ni, tó ní rárá kì í ṣe ìwọ, ìránṣẹ́ ni ìwọ, níbo lo wà? Ajá! Ajá náà ló pa ojú rẹ̀ dé!"

"Mo ń fi owó ránṣẹ́."

"Owó ò mọ bí wọ́n ṣe ń nu ìdí arúgbó!"

"Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná," Akọ̀wé sọ, ó sì yára ṣí ojú ìwé kejì. "Wọ́n ń béèrè káàdì fúnra rẹ̀."

Rigopula yí padà. Ó na ìka sí igun ilé níbi tí fìtílà kékeré ti ń jó níwájú àwòrán Màríà Mímọ́. "Ó yá. Búra."

Marukla wo àwòrán náà. Àwòrán náà ń wò ó. Káàdì ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó ní kí Akọ̀wé parí èyí tó kù ná, òun máa búra níkẹyìn.

"Ó ku ìdí," Akọ̀wé sọ. "Kí ló dé tí ẹ fi ń dá a padà? Ìlà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un."

Rigopula wo ọwọ́ tó fi bo àwòrán náà.

"Kí n kọ pé ẹ ti dàgbà?"

"Kọ pé wọ́n lé e ni," Marukla sọ. Ó ti rí ibi tó máa gún, kò sì fẹ́ kó bọ́. "Kọ pé ó ti sú ọmọ rẹ̀. Èwo ni ti báàgì méjì, tí kò sí ìkíni, tí kò sí ìpè? Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn níbì kan kì í sá bọ̀ báyẹn."

Gbogbo wa mọ̀ pé ẹnu Rigopula mú. Marukla ń dúró de èsì, ó ti múra sílẹ̀. Rigopula kàn fa àga, ó jókòó.

"Kọ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Kọ pé mo ti sú ọmọ mi."

Akọ̀wé ò kọ ọ́. Ó gbé gègé dání.

"Lóṣù kẹsàn-án tó kọjá," Rigopula wí, Akọ̀wé ló ń bá sọ̀rọ̀, kò bojú wo ẹ̀yìn, "mò ń nu tábìlì nílé Evgenia, mo rí bébà ńlá kan. Àwòrán ilé ìyá mi ni. Wọ́n ti pín in sí yàrá mẹ́fà fún àwọn tó ń wá wo òkun. Ibi tí ààrò búrẹ́dì wà, ilé ìwẹ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀. Ó ti bá ọkùnrin kan ní Rhodes ṣe àdéhùn, ìfọwọ́sí tèmi ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e wá bá mi nídìí oúnjẹ. 'Màámi, ẹ kàn fọwọ́ síbí.' Oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ, Akọ̀wé. Ilé rẹ̀ ni mò ń sùn. Mo mọ ara mi. Tó bá gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹrin, màá fọwọ́ sí i. Ni mo ṣe sá."

"Kí ló wá kan káàdì?"

"Bí káàdì yẹn bá ṣì wà láyé, ó máa pè mí, ó máa sunkún, ó máa gbé fóònù fún ọmọdé yìí kó sọ fún mi pé kí n máa bọ̀. Màá lọ. Ẹ gbọ́ mi? Màá lọ, màá sì fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ ní ẹsẹ̀ tí màá fi lọ mọ́."

"Irọ́ ni," Marukla wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lè ya àwòrán ilé láìwọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó wá wọn ilé. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

"Ẹnì kan wọ̀n ọ́n. Oṣù kẹjọ ni wọ́n kọ sára bébà náà."

Oṣù kẹjọ. Marukla rántí. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ń kí èèyàn dáadáa, tó ní òun ń yẹ ògiri wò nítorí ilẹ̀ tó mì. Ó fún un ní kọfí. Ó fún un ní ọ̀pọ̀tọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a di etí téèpù ìwọ̀n mú, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò, tó ń bi í pé, "Ṣé ó tọ́ báyìí, ọmọ mi?" Ọkùnrin náà bi í pé ta ló ń gbé ibí. Ó ní òun nìkan ni. Ọkùnrin náà sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" ó béèrè. "Nínú yàrá mẹ́fà yẹn, níbo ni wọ́n fi mí sí?"

Rigopula ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́. "Mo bi í. Ó ní ilé àwọn arúgbó kan wà ní Rhodes, pé ó mọ́ tónítóní."

Ẹni tí a ní kó fẹni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ilé yẹn di tiyín, Àǹtí. Mo fi orúkọ ìyá àgbà búra. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Marukla ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ òrùlé ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ọmọ tí mo bí fẹ́ ta ibi tí ìyá mi kú sí? Kó o máa fi kọrin lẹ́nu ààrò? Mo mọ ẹnu rẹ, Marukla. Má sì jẹ́ kí orí rẹ wú, mi ò ṣe é nítorí rẹ. Nítorí ilé ni."

Marukla jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.

"Ẹ bá mi bọ́ ọ."

"Kí ni?"

"Bàtà. Orúnkún mi ò gbà á."

Rigopula wo bàtà, ó wo ojú Marukla, ó yé e. Akọ̀wé ti fẹ́ dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́. "Ẹ jókòó, Akọ̀wé," ó wí. Ó rìn wá síbi àpótí, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì kúnlẹ̀ sórí òkúta. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ló ti wà láyé, kò kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Ó ń fa ọrùn bàtà dípò gìgísẹ̀.

"Gìgísẹ̀ ni," Marukla wí. "Ẹ di gìgísẹ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ti ìka ẹsẹ̀."

"Ta ló ń kọ́ ta? Olè! Ẹlẹ́sẹ̀ rírùn!"

"Ẹ fà á."

Ó fà á. Bàtà bọ́ lójijì, Rigopula fẹ̀yìn balẹ̀ díẹ̀, káàdì náà sì já bọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ó ti tẹ̀. Òógùn ti wọ inú rẹ̀, ojú obìnrin tó kun ètè ti pa rẹ́, irun nìkan ló kù. Rigopula fi aṣọ rẹ̀ nù ún. Lẹ́yìn náà, ó gbá Marukla létí. Kò dùn ún púpọ̀, nítorí orí ìkúnlẹ̀ ló ti gbá a.

"Ó ní kí n gbé e pamọ́, ilé á di tèmi," Marukla wí. "Ó fi orúkọ ìyá búra."

"Ìwọ náà sì gbà á gbọ́. Òmùgọ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ bí i."

Rigopula di etí àpótí mú, ó dìde, ó ní kí Akọ̀wé kọ ọ́ sí ìdí pé òun ń padà sílé ìyá òun, ìlà méjì ti tó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibi tí a fò yẹn. Ẹ kọ Ilé Marukla."

Akọ̀wé wò ó láti orí awò ojú rẹ̀.

"Nítorí ẹni tó ń pín lẹ́tà ni. Mi ò fẹ́ kí lẹ́tà Amẹ́ríkà máa rìn káàkiri. Kí lẹ̀ ń wò?"

Ó kọ ọ́. Marukla ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan láìní bàtà, ó wá wo ibi tí orúkọ rẹ̀ wà títí tàdáwà fi gbẹ.

"Wọ́n ń béèrè," Akọ̀wé wí, "ṣé tinútinú yín lẹ fi ń ṣe é. Ṣé kò sẹ́ni tó fipá mú yín."

Rigopula gbé àwòrán ọmọdé náà kúrò lórí tábìlì. Ó wò ó. Ó fi í sáyà. "Ẹ kọ pé kò sẹ́ni."

Ó fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ kó tó parí orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún nílé òun, yára sọ pé pásípọ́ọ̀tù wa náà tó láti fi lọ kí wọn, pé ó ṣì lè máa lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò.

"Àlejò ni mo ti ń jẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," Rigopula wí.

"Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kú ńkọ́?" Marukla béèrè. "Ta ló ni ilé?"

Akọ̀wé ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí tábìlì. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Evgenia ni." Rigopula ò sì sọ pé rárá. Àkọ́bí ni ilé kàn, kò sẹ́ni tó retí pé kó sọ nǹkan míì, Marukla pàápàá ò retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wá bọ́ sí i lọ́wọ́: oṣù mẹ́jọ ló fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú obìnrin yìí kúrò, láti ọjọ́ yẹn lọ ó di dandan kó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun pẹ́ láyé.

"Kó o má fi iyọ̀ púpọ̀ sínú ẹ̀wà mi mọ́ nìyẹn," Rigopula sọ fún un lójú ọ̀nà. Òun náà ti rò ó débẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ẹni tó ń pín lẹ́tà máa ń gòkè wá. Àpòòwé tí fọ́ọ̀mù àti káàdì wà nínú rẹ̀ wà lórí tábìlì ilé wọn títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Wọ́n jẹun nínú ìkòkò méjì. Bí oòrùn ṣe ń wọ inú òkun, fóònù dún. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pe ilé yẹn lásìkò yẹn ju Evgenia lọ. Rigopula jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, Rigopula yọ ọwọ́ kan. Kì í ṣe fóònù ló na ọwọ́ náà sí, àpòòwé ni.

Marukla yára jù ú lọ. Ó gba àpòòwé náà, ó ká a sí méjì, ó tì í sínú ọrùn bàtà ọ̀tún títí kò fi hàn mọ́.

"Mú un wá."

"Ẹ wá bọ́ ọ, bí ẹ bá lè bọ́ ọ."

"Ìránṣẹ́ burúkú!" Omi ti dé ojú Rigopula. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Bí mo bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, má fún mi."

"Bí ẹ bá sunkún ńkọ́?"

"Má fún mi. Gòkè wá síbí, kí n lè rí ẹsẹ̀ rẹ. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọ nísàlẹ̀ yẹn, o lè jù ú sínú iná."

Ó tari báàgì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Marukla ká ibùsùn rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó gun orí pẹpẹ tòun tàwọn bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó dùbúlẹ̀.

"Bàtà yẹn ń rùn."

"Ẹ yíjú sí ògiri."

Rigopula yíjú sí ògiri. Nígbà tí fóònù dákẹ́ pátápátá, Marukla gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ ọmọdé náà jẹ́jẹ́, orúkọ tó jẹ́ tiẹ̀ náà, léraléra. Marukla ká ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ra, síbi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè dé.